Iye Ọmọ Tí Bàámi Sọ fún Akọ̀wé Káńsù

Nígbà tí èmi ṣì ń sáré lẹ́sẹ̀ lásán kiri Ìkòsì yìí, kò sí rédíò nílé wa, ká má tíì sọ fóònù. Bí káńsù bá ní ọ̀rọ̀ bá ará ìlú sọ, akéde ni wọ́n ń rán, tòun ti agogo lọ́wọ́. Kó! Kó! Kó! Tọmọdé tàgbà á sáré jáde. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìròyìn kòrónà ń wọlé sórí fóònù yín láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ kàn ń fìka tì í kúrò ni.

Bísọ́lá, gbé nǹkan tó ń gba ohùn yẹn súnmọ́ mi. Ṣé o rò pé mi ò gbọ́ ohun tó o sọ fún obìnrin káńsù tó wá sí géètì láàárọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kòrónà yìí? Ó bi ọ́ pé ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé, o ní méjì. Méjì bí i ti báwo? Àwọn ọmọ mẹ́rin tó wà lókè ńkọ́, ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n ni? Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ sáré pè é padà, ó sì ti tún un kọ. Ṣùgbọ́n àyà mi ò tíì yé já. Jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún ọ.

Ó ku ọdún díẹ̀ ká gba òmìnira. Mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Oko ni gbogbo ibi tí ẹ̀ ń pè ní ẹ̀sítéètì yìí, ẹ̀gẹ́ Bàámi ló wà níbẹ̀. Ni àìsàn bá wọ Ogudu tó múlé gbè wá. Ṣànpọ̀nná... ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo ti dárúkọ ẹ̀, kí ló tún fẹ́ fi mí ṣe? Láyé ìgbà yẹn, ta ló tó bẹ́ẹ̀? Olóde là ń pè é. A ò gbọdọ̀ yan ẹ̀pà, a ò gbọdọ̀ gbálẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni ìyá mi ń fọwọ́ kan ọrùn wa níkọ̀ọ̀kan, kó mọ̀ bóyá ara wa gbóná, títí dé orí Sàfú. Sàfú ni àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́.

Akéde wá dé. "Káńsù kí yín o! Ẹni tí yóò bupá fáwọn ọmọ yín ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀! Wọn ò ní gba kọ́bọ̀! Ṣùgbọ́n akọ̀wé á kọ́kọ́ wá kọ iye ọmọ tó wà nílé kọ̀ọ̀kan, kí oògùn lè kárí o!"

Ẹ gbọ́, ó là á yé wa. Kò fi ohunkóhun pa mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé gun kẹ̀kẹ́ dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàámi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mélòó ló wà nínú ilé yìí?"

Bàámi wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"Nítorí oògùn ni, sà."

"Kọ mẹ́rin."

Mẹ́rin! Àwa mẹ́sàn-án! Ìyá mi ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ìyàwó wo ló jẹ́ ja ọkọ ẹ̀ níyàn níwájú àlejò? Bàámi ò ya ìkà o. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, pé ẹni tó bá ka ọmọ ẹ̀ síta ti fi wọ́n han ayé. Ó tún ń fura pé owó-orí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Kò sì sí ilé tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìkòsì. Ẹni tó bí mẹ́wàá ní mẹ́ta lòun bí.

Ọjọ́bọ̀ pé, a tò sábẹ́ igi máńgòrò. Ọkùnrin tó wá bupá ń kán oògùn sápá ọmọ, ó ń fi abẹ́rẹ́ họ ọ́. Àwa ọmọdé ń sunkún abẹ́rẹ́, àwọn àgbà ń wo ìgò. Nígbà tó fi kan agboolé wa... mẹ́ta nínú wa ti gbà á, ó ní ó ku ti ẹnì kan nínú ìgò tó wà lọ́wọ́ òun.

Sàfú ń sùn fọnfọn lẹ́yìn ìyá mi. Ìyá mi ní, "Ẹ má jí i, á ké. Ẹ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ná, kí òun gba èyí tẹ́ ẹ bá tún ṣí." Ó rò pé ìgò ṣì kù nínú àpótí ni. Èmi náà bá na apá.

Ọkùnrin náà ṣí àpótí, ó ní, "Ó tán."

Ariwo sọ! Baálẹ̀ ní kí ló dé. Ọkùnrin náà fi ìwé akọ̀wé hàn án. "Bàbá, iye tẹ́ ẹ sọ ni wọ́n kó fún mi. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Kò sẹ́ni tó lè wojú ẹnì kejì ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Bàámi gbé àpótí ìjókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ kí Sàfú yọjú síta. Ní ọjọ́ kẹfà, ìyá mi fọwọ́ kan ọrùn Sàfú. Ó tún fọwọ́ kàn án. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n kó àwọn yòókù lọ sí abà, èmi tí wọ́n ti bupá fún ni wọ́n ní kí n máa gbé omi fún un. "Ẹ̀gbọ́n mi, ara ń ta mí." Ohun tó ń sọ fún mi nìyẹn ṣáá. Kò lò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. A ò sì gbọdọ̀ sunkún o! Alápadúpẹ́ ni wọ́n ń ki Olóde: á pa ọ́ lọ́mọ, wàá dúpẹ́. Ìyá mi dúpẹ́. Mo rí i.

Nígbà tí àwọn ará káńsù padà wá, Bàámi ò dúró kí wọ́n béèrè. Ó dìde, ó ń dárúkọ wa síta níkọ̀ọ̀kan, ó dárúkọ Sàfú mọ́ ọn. "Mẹ́sàn-án."

Akọ̀wé wò wá títí. "Bàbá, mẹ́jọ ni mo rí sà."

"Mo ní kó o kọ mẹ́sàn-án."

Ó kọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí wọ́n bá bi, kó sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi ni mo na apá lọ́jọ́ náà. Títí ìyá mi fi kú, kò bá mi wí rí. Ìbá sàn ká ní ó bá mi wí.