Wọ́n Ya Ìkúnlẹ̀ Mi, Wọ́n Fi Ìbéèrè Mi Sílẹ̀

Èmi ò kúkú mọ nǹkan kan, Fikáyọ̀. Èmi tí mò ń yọ ike gbígbóná lẹ́nu ẹ̀rọ ní Agége títí wọ́n fi ti géètì mọ́ wa, kí ni mo fẹ́ mọ̀ nípa iṣẹ́ oníròyìn? Jókòó jàre! Kí lo ń wo aago sí? Ṣé bàálù olùdíje tó ń gbé ẹ̀yin oníròyìn kiri ló ń dúró dè ẹ́ ní Opebi níbí?

Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin tó fẹ́ di ààrẹ wá sẹ́nu géètì wa, èmi làwọn òṣìṣẹ́ ní kí n gbẹnu sọ. Mo kúnlẹ̀. Ṣé kí n dúró gbagidi kí àgbà ni? Mo kí i tán, mo dìde, mo ní, ‘Bàbá, ẹ̀yin ni mínísítà nígbà tí wọ́n tì wá síta, kí lẹ ṣe sí i?’ Òógùn bo bàbá! Ló bá juwọ́ sáwọn olórin ẹ̀, gbohùngbohùn ké gbàà, àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ mi mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ gbọ́. Fóònù ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ mí lẹ́nu!

Ilẹ̀ mọ́, mo ra ìwé ìròyìn yín. Háà! Èmi rè é lórí ìkúnlẹ̀, mo lanu bí ẹni rí áńgẹ́lì: ‘Òṣìṣẹ́ Agége dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá.’ Ọpẹ́ kí ni? Ọpẹ́ ìyà? Suara tí a jọ dúró ti ẹ̀rọ kan náà ní mo ti tà wọ́n. Mo kí ìyá Olúfúnṣọ́, tí wọ́n jọ tì wá síta, láàárọ̀ yìí, ó wojú ọ̀run.

Kí lo wí? Kò sí ‘Aǹtí Láídé, ẹ jọ̀ọ́’ níbí! Ọ̀gá ẹ ló yọ ìbéèrè mi kúrò? Àbí ẹ̀rù ló ń bà ẹ́ pé bàálù á gbéra láìsí ẹ? O tún ń pè é ní ‘bàbá wa’! Bàbá tó bí ẹ wà ní Ìjerò, láti Ọdún Àjíǹde lo ò ti lọ kí i. Fìlà orí ẹ yẹn náà ńkọ́, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló rán an fún ẹ? Wọ́n kúkú ti wí i pé ẹnu tó jẹ dọ̀dọ̀ ò lè sọ òdodo.

Hẹ̀hẹ̀! Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún ń gbọ̀n mí. Mi ò ní kí o bá bàbá yín jà. Jẹ́ kí Suara ṣáà gbọ́ ohùn mi. Ìwọ náà lo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu ara ẹ sọ pé ó ṣì wà nínú fóònù ẹ.

Fikáyọ̀, ta lo ń tọ́jú ẹ̀ fún?