Omi Iyọ̀ Tí Mo Bù Sínú Mọ́tò Ìjọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà mí dé òpin kí ẹ tó bínú sí mi. Tísà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo na ọ̀pọ̀ ọmọ nítorí irọ́ pípa. Ṣùgbọ́n irọ́ kan wà lọ́rùn èmi fúnra mi tí n kò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyàwó mi tó ti di olóògbé. Ẹni tí mo pa irọ́ náà mọ́ kú ní oṣù tó kọjá. Àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti gbé iṣẹ́ kan fún mi, tí n kò lè ṣe láìsọ ọ́.

Port Harcourt ló ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira. Mo ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ àwa ọmọ Yorùbá níbẹ̀, èmi náà sì ni akọ̀wé ìjọ. Ìjọ ní mọ́tò kékeré kan tí pásítọ̀ fi ń lọ kí àwọn ọmọ ìjọ tó wà lọ́nà jíjìn. Bọ̀dá Láyíwọlá ni dírẹ́bà rẹ̀. Ìlú kan náà la ti wá. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, kò sì mọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń tọ́jú omi rédíétọ̀ mọ́tò náà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Yóò gbé básíà sí gbangba kí òjò rọ̀ sí i. Kì í lo omi tó ṣàn láti orí páànù. Yóò fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, yóò wá pò ó mọ́ omi aláwọ̀ ewé kan tó ń wá nínú agolo, èyí tí ẹ ń pè ní kúláǹtì lónìí. Ìdajì sí ìdajì ni. Ife kan ṣoṣo ló fi ń wọ̀n ọ́n, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ife náà mu nǹkan.

Ó ní, "Tísà, bí omi bá pọ̀ jù, irin á dípẹtà. Bí ti agolo bá pọ̀ jù, ooru ò ní jáde dáadáa. E must balance."

Mo gba agolo náà, mo kà á. Wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé kò ní jẹ́ kí omi dì ní ilẹ̀ olótùútù. Mo bú sẹ́rìn-ín níwájú àwọn tó dúró tì wá.

"Bọ̀dá Láyíwọlá, ṣé omi ń dì ní Rumuokwuta tiwa níbí ni?"

"Èmi ò mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, Tísà. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ ni mo mọ̀."

"Ẹ́ńjìnnì kì í jẹun," mo ṣàtúnṣe fún un, bí ẹni pé inú kíláàsì mi ló jókòó sí.

"Ẹ febi pa á wò."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, ó sì dùn mí wọra. Ẹ̀yìn agolo náà sọ nípa ìpẹtà àti híhó omi. N kò yí i wò lọ́jọ́ náà.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà, ibà dá Bọ̀dá Láyíwọlá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ti kọ́ mọ́tò wíwà, nítorí náà èmi ni wọ́n ní kí n máa wà á. Lọ́jọ́ kìíní, mo da omi aláwọ̀ ewé náà nù, mo fi omi ẹ̀rọ lásán dípò rẹ̀. Mo fẹ́ kí ó padà wá bá mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ láìsí agolo rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, èmi nìkan wà á lọ sí èbúté tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Okrika. Bí mo ṣe débẹ̀, omi ti hó gbẹ, èéfín ń rú níwájú. Mo dúró títí ó fi tutù. Kò sí omi mìíràn nítòsí ju ti odò lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bù ú. Obìnrin kan tó ń ta ẹja kígbe sí mi.

"Teacher! Dat water get salt o!"

"Na only water e need, madam," mo dá a lóhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé n kò mọ̀. Mo ti ki ìṣó bọ inú omi iyọ̀ rí níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, kí wọ́n lè rí bí iyọ̀ ṣe ń jẹ irin. Mo ní màá fọ̀ ọ́ dànù bí mo bá délé. N kò fọ̀ ọ́, nítorí wọn ìbá bi mí pé kí ló dé.

Nígbà tí Bọ̀dá Láyíwọlá padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ṣí rédíétọ̀. Omi inú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n.

"Tísà, iyọ̀ wà nínú omi yìí."

"Bóyá òógùn ọwọ́ yín ni," mo ní.

Ó da omi náà nù. Ó fọ̀ ọ́, ó sì po omi tirẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ́ńjìnnì náà fi kú lójú ọ̀nà pẹ̀lú pásítọ̀ nínú rẹ̀. Mọkáníìkì kan láti àdúgbò Díóbù tú u níwájú ìgbìmọ̀ ìjọ.

"Na salt water chop dis engine," ó ní. "Who put am?"

Alága yíjú sí Bọ̀dá Láyíwọlá.

"Kì í ṣe èmi, sà. Ẹ bi Tísà. Tísà kì í parọ́."

Gbogbo wọn wò mí. Mo ní n kò fọwọ́ kan omi mọ́tò náà rí, pé iṣẹ́ dírẹ́bà ni, òun ló sì po omi sí i gbẹ̀yìn. Èmi náà ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé àìbìkítà rẹ̀ ló ba mọ́tò jẹ́. Wọ́n lé e lọ lọ́jọ́ náà.

Kò sẹ́ni tó gbé mọ́tò fún un mọ́ ní Port Harcourt. Ó di alábàárù ní èbúté, kí ó tó padà sílé lọ dáko. Nígbà tí èmi náà fẹ̀yìn tì sílé, a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Kò bá mi jà rí. "Ẹ káàárọ̀, Tísà," ni ó máa ń wí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fẹ́hìntọlá ọmọ rẹ̀ wá sílé mi. Ó ní kí n bá wọn kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá wọn, èyí tí wọn yóò kà níbi ìsìnkú.

"Bàbá ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, sà," ó ní. "Àwa ọmọ kàn ń bẹ̀ yín ni, ẹ bá wa fo ti mọ́tò ìjọ. Ó ń tì wá lójú."

Mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ sọ ohunkóhun nípa ibẹ̀.

"Ó ní ẹ mọ ibẹ̀ ju òun lọ."

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti kọ ti ìbí rẹ̀ àti ti ìgbéyàwó rẹ̀. Nígbà tí mo dé Port Harcourt, mo kọ gbólóhùn kan: "Èmi ni mo bu omi odò sí i." Àwọn ọmọ mi yóò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo kọ́ ní ìwé. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n kà á sí etí gbogbo ayé, àbí kí n kọ́kọ́ pe Fẹ́hìntọlá, kí n kúnlẹ̀ fún un ní kọ̀rọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú. N kò tíì pa gbólóhùn náà rẹ́.