Oògùn tí mo fi ń kúnlẹ̀

Mo ń dín gààrí láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú agbo ilé wa ní Ìgbó-Ọrà nígbà tí inú ṣàdédé rọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ògiri, mo sì bì. Ohun tí mo bì dúdú bí omi èédú, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Mo fi yẹ̀pẹ̀ bò ó kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Mo mọ ohun tó fà á. Ẹ̀rù ikú bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù pé àwọn èèyàn á mọ̀ bà mí ju ti ikú lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹnì kan ṣì wà lójú kan nítorí irọ́ mi.

Ní àwọn ọdún tí sòbìà ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Ìbàràpá ni orúnkún mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Nígbà tí wọ́n wú, gbogbo wa rò pé sòbìà ló fẹ́ yọ níbẹ̀. Mo ń fi epo pa á, mo ń retí kí aràn náà yọ orí. Kò sí ohun tó yọ. Irú ìrora yìí ń ṣe Ìyá Sàríyù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ní ìgbáròkó. Òun ló ní ká jọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà ní aromọléegun ni. Ó fà wá lé nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́, tó máa ń kó àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn jọ sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yìí ṣàlàyé pé ohun yíyọ̀ kan wà tó bo orí egungun, pé òun ló ti ń fẹ́lẹ́. Ó ní bí a bá jókòó gelete nítorí ìrora, iṣan itan wa á rọ, gbogbo ẹrù ara á wá wà lórí oríkèé. Ó kọ́ wa láti jókòó sórí àga, ká na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, ká dá a dúró, ká rọra gbé e sílẹ̀. Ó kọ́ wa láti dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Ó ní ká máa rìn.

"Ó máa dùn yín díẹ̀ ná, kì í ṣe pé ó ń bàjẹ́," ó ní. "Ó sì máa pẹ́ o. Ẹ má retí pé ẹ máa sáré lọ́la."

Èmi ò lè dúró kó pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìrora nìkan. Kíkúnlẹ̀ ni. Ìyàwó ilé ni mí. Àràárọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi àti àwọn àgbà ilé. Nọ́ọ̀sì ti ní kí n máa jókòó sórí àpótí kí wọn fún ìgbà díẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá ọkọ mi wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìyá Bọ́lá, ṣé o ti joyè ni, tí a ò gbọ́?"

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mi ò gbé àpótí yẹn jáde mọ́.

Ọkùnrin kan máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oògùn kiri láti Èrúwà. Ó ní àwọn hóró oògùn kan tí kò lórúkọ, tó ń wé sínú ọ̀rá. Mo rà á, mo lò ó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìrora náà ti dẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kúnlẹ̀, mo sì dìde bí ọmọge. Láti ọjọ́ náà, mi ò na ẹsẹ̀ lórí àga nílé mọ́. Ojú nọ́ọ̀sì nìkan ni mo ti ń ṣe é.

"Ẹ wo Ìyá Bọ́lá," nọ́ọ̀sì á wí. "Ẹni tó bá ṣe é á rí i."

Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ń gbà á.

Ìyá Sàríyù kò fi oògùn kankan kan ẹnu. Ó ń ṣe tirẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó ti ń gun àtẹ̀gùn iwájú ilé láìdi ògiri mú, ìrora kò sì jí i lóru mọ́. Ṣùgbọ́n èmi ló ń fi ara rẹ̀ wé. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, ó rí mi tí mo ń kúnlẹ̀ kí àwọn àna wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fà mí sẹ́yìn ilé.

"Ìyá Bọ́lá, má tàn mí o. Ṣé eré àga yẹn nìkan ni?"

"Òun náà ni, Ìyá."

"Kí ló wá dé tí tèmi ò rí báyìí?"

Mo wò ó lójú. Mo ní, "Bóyá ẹ kì í fi gbogbo ara ṣe é ni."

Kò bínú. Ó kàn mi orí. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó fi agbára ṣe é títí ìgbáròkó rẹ̀ fi gan. Kò bá wa lọ sí ilé ìwòsàn mọ́. Ó ra ọ̀pá. Ó ní bí Ọlọ́run ṣe kọ ti òun nìyẹn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, kò rìn kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo ń dín gààrí yẹn, mi ò dá oògùn náà dúró. Nígbà tí mo tún bì, níṣojú ọkọ mi ni. Ó gbé mi dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Dókítà béèrè ohun tí mo ń lò, mo jẹ́wọ́ fún òun nìkan. Ó ní oògùn náà ti dá ọgbẹ́ sí mi nínú, pé díẹ̀ ló kù kí n kú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bò mí láṣìírí. Nílé, mo ní ebi tí mo máa ń fi pa ara mi lọ́jà ló fà á.

Ìrora mi padà. Kò sí ọ̀nà mìíràn fún mi ju kí n bẹ̀rẹ̀ eré àga náà lóòótọ́. Ó falẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó rí ìyàtọ̀ kankan. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé mo ti gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú. Lẹ́yìn náà, mo sun oorun mọ́jú. Ibẹ̀ ni ojú ti tì mí. Ohun tí Ìyá Sàríyù ti rí nígbà yẹn gan-an ni èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí. Ara rẹ̀ ti ń yá. Èmi ni mo jẹ́ kó gbà pé kò yá.

Lọ́jọ́ tí dókítà sọ pé ọgbẹ́ náà ti jinná pátápátá, pé ewu ti kúrò, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wálé. Ìyá Sàríyù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Alihamudulilahi! Àdúrà tí mò ń gbà nìyẹn."

Mo ní kó jẹ́ ká jọ tún bẹ̀rẹ̀ eré àga. Ó rẹ́rìn-ín.

"Fi mí sílẹ̀ jàre, Ìyá Bọ́lá. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹsẹ̀ tèmi kì í gbọ́ ẹ̀kọ́."



Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Bí mo bá sọ òtítọ́, ó lè gbà láti tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo agbo ilé á mọ irú ẹni tí mo jẹ́, òun náà sì lè má dárí jì mí. Bí mo bá dákẹ́, á jókòó síbẹ̀ ni. Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà? Ta ni kí n mú dání lọ? Ẹ má jẹ́ kí èsì yín pẹ́. Láàárọ̀ òní, àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbé e lọ sí balùwẹ̀.