Irọ́ Tí Mo Fi Tún Àgbọ̀n Moyọ̀sọ́rẹ Ṣe

Ẹ jókòó, gbogbo ẹ̀yin ẹbí. Ohun tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí, òní ni mo máa sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹ rántí bí Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ mi ṣe rí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ: eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síwájú ti òkè, kò lè gé búrẹ́dì jẹ, àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ ní Ìkòsì sì ń pè é ní Ṣọ́bìrì. Dókítà eyín tí a kọ́kọ́ rí ní Kétu ní ká dúró kó dàgbà tán, ká wá fi iṣẹ́ abẹ gé àgbọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn. Ti Gbàgádà ní rárá, egungun ọmọdé ṣì rọ̀: kó máa de irin kan mọ́ iwájú orí àti àgbọ̀n nílé, kí rọ́bà rẹ̀ máa fa àgbọ̀n òkè bọ̀ síwájú, bóyá kò ní nílò abẹ mọ́. Bàbá rẹ̀ ní, “Àgbọ̀n ìyá mi ló gbé wá. A máa dúró.” Ta ló máa dúró? Ṣé òun ni wọ́n ń pè ní Ṣọ́bìrì?

Bó ṣe padà síbi iṣẹ́ ní Warri, mo gbé ọmọ lọ sí Gbàgádà. Dókítà ní, “Mummy, mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu Daddy náà o.” Mo ní ó ti kú. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mi ò tíì débi tó burú jù. Dókítà yíjú sí ọmọ: “Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí Daddy kú?” Mo fún ọwọ́ Moyọ̀sọ́rẹ pọ̀. Ó wojú mi, ó ní, “Ó ti pẹ́. Daddy mi ti kú.”

Irin náà ṣiṣẹ́. Bí bàbá Moyọ̀sọ́rẹ bá ti ń bọ̀ wálé, a máa gbé irin náà pamọ́ sáàárín aṣọ mi. Nígbà tí eyín tò tán, bàbá rẹ̀ ní ṣebí òun ti sọ pé ó máa fúnra rẹ̀ tò. Mo rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè wá pé mọ́tò bàbá rẹ̀ takìtì lọ́nà Orè. Gbogbo yín gbọ́ igbe Moyọ̀sọ́rẹ. Ohun tó ń sọ sí mi létí ni pé, “Mummy, èmi ni mo pa á. Èmi ni mo sọ pé ó ti kú.”

Ọlọ́run yọ bàbá rẹ̀, òun náà ló jókòó síwájú yín yìí. Daddy Moyọ̀, mi ò ní bẹ̀ yín nítorí àgbọ̀n. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, mo máa gbé e lọ. Ẹ bínú bó ṣe wù yín. Moyọ̀sọ́rẹ, ìwọ ni mo kúnlẹ̀ fún. Èmi ni mo pa irọ́ yẹn; kò sí ohun tó o fi ṣe Daddy ẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, ẹ jà fún ọmọ yín, ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà má fi irọ́ yín sí ọmọ lẹ́nu.