Wọ́n Ní Mo Mu Ẹ̀jẹ̀ Ràbí

Ẹ̀yin tí ẹ ó gbọ́ ìwé yìí, wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Wọn yóò yẹgi fún mi, èmi ọmọ ọba Ọ̀tà tí ẹnikẹ́ni kì í dúró kí. N kò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló jókòó sí òdì kejì irin yìí, tó ń kọ ohun tí mo bá sọ. Mo ní kó má bu iyọ̀ sí i.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí wọ́n dá mi sí. Nítorí Ìyá Ràbí ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwọn ará ìlú ti lé e kúrò lọ́jà, wọ́n ní òun ló fa ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ àjẹ́, kí n lè mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Irọ́ ni. Èmi ni mo bí irọ́ náà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Obì kì í wọ́n lẹ́nu mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo tu itọ́ obì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó pọ́n yòò. Ọmọ aládùúgbò kan rí i, ó figbe ta: "Yéè! Ìyá ti mu ẹ̀jẹ̀!" Ẹ sì mọ orúkọ tí àwọn ará ìta ń pe ìlú wa, pé ilé àjẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá pa irọ́ náà: "Obì ni mo jẹ." N kò sọ ọ́. Mo wo ọmọ náà, mo rẹ́rìn-ín. Kó tó di ọ̀sán, àwọn obìnrin tó máa ń bá mi jiyàn ti ń kúnlẹ̀ kí mi láti òkèèrè. Áà, ó dùn mọ́ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, bí mo bá bá ẹnì kan jà, n ó kàn lọ tu itọ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni, ẹjọ́ ti parí. Nígbà tí ibà pa ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣe epo pupa lóko mi ní Ìjù, wọ́n ní èmi ni. N kò jiyàn. Mo ń lu àwọn tó kù bí ẹni ń lu bàrà. Ta ni yóò fẹjọ́ mi sùn?

Ìyá Ràbí, opó tó ń ta ọṣẹ dúdú, mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi tọ́ ọ, Ìyá. Ẹni tó bá gbé ilé ọba, á mọ ìwà." Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Kò sí ohun mìíràn nínú ọkàn obìnrin náà.

Ràbí yára lọ́wọ́, ó sì yára lẹ́nu. Òun ló ń bó obì fún mi. Lọ́jọ́ kan tí a ń gún ẹyìn, mo gbá ọmọ kan létí, mo ní, "N ó mu ẹ̀jẹ̀ rẹ lónìí!" Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ràbí bú sẹ́rìn-ín.

"Má sunkún, jàre. Ẹ̀jẹ̀ wo? Obì mà ni! Ṣebí èmi ni mò ń bó o fún wọn? Tí Ìyá bá lè mu ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ mu ti ẹ̀fọn tó ń jẹ wọ́n!"

Gbogbo àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n ń rín, lójú mi.

Mo ní, "Kí lo wí?"

Ó kúnlẹ̀ wéré. "Ẹ má bínú, Ìyá. Mo fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni."

Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà tí mo fi já ọmọ odó gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gún ẹyìn. N kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ ọmọ mi ti dáwọ́ dúró báyìí. Ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé kí n kọ ọ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

Kọ ọ́.

Àwọn ọmọ yẹn sọ ohun tí wọ́n rí fún ọlọ́pàá. Nígbà tí mo wà ní àhámọ́, àbúrò mi ọkùnrin wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́wọ́ àjẹ́ ní kóòtù. Adájọ́ òyìnbó ò gba àjẹ́ gbọ́. Á ní orí yín ti dàrú, á dá yín sí."

Nígbà tí mo dé kóòtù, mo jẹ́wọ́ àjẹ́. Wọ́n bi mí pé ta ló fún wa ní ọmọ náà. Mo na ìka sí Ìyá Ràbí níbi tó jókòó sí, tó ń sunkún. Mo ní, "Òun ni. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni."

Adájọ́ òyìnbó kò ka èyí sí. Ògbufọ̀ túmọ̀ ìbéèrè rẹ̀ fún mi: "Ọwọ́ ta ló gbé ọmọ odó?" Mo wo ọwọ́ mi. Ó dá mi lẹ́jọ́ ikú. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú gba ohun tí mo sọ gbọ́, wọ́n sì dà á lé obìnrin náà lórí.

Ìyá Ràbí, ojú ń tì mí láti pè ọ́. Ọmọ rẹ kò bú mi. Òótọ́ ló sọ, mo sì pa á nítorí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọdé, bí ẹnì kan bá ń bẹ̀rù yín nítorí ohun tí ẹ kò jẹ́, ẹ sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá di ọjọ́ kejì, adùn rẹ̀ á ti wọ̀ yín lẹ́wù. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Ẹ̀yin ará ọjà Ọ̀tà, kò sí àjẹ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìbínú àgbàlagbà kan ló wà níbẹ̀. Ẹ lọ bá Ìyá Ràbí nílé, kí ẹ mú un padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Bó bá tilẹ̀kùn mọ́ yín, ẹ má lọ. Ẹ dúró síta níbẹ̀, kí ẹ máa bẹ̀ ẹ́.