Pósítà Ìjà Ẹ̀ṣẹ́ Tí Bàbá Ọkọ Mi Ń Wá

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn mi! Bí mo ṣe jókòó yìí, bàbá ọkọ mi wà ní yàrá kejì, wọ́n tún ń tú ẹrù wọn. Ohun tí wọ́n ń wá kò sí níbẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́.

Afẹ̀ṣẹ́jà ni Bàbá nígbà èwe wọn. Wọ́n ní pósítà ìjà ńlá kan tí gbogbo Èkó tú jáde lọ wò láyé ọjọ́un. Àwòrán àwọn ọ̀gá méjì tó jà ló gba ojú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì fi bírò buwọ́ lù ú. Nísàlẹ̀ pátápátá ni orúkọ Bàbá wà, wínníwínní, torí Bàbá ló kọ́kọ́ jà kí àwọn ọ̀gá tó bọ́ sójú agbo. Àlejò kì í tíì mu omi nílé wa ní Jakande tí wọ́n á ti ní kó ka orúkọ yẹn. Ọkùnrin kan tó ń kó irú pósítà bẹ́ẹ̀ jọ bẹ̀ wọ́n títí pé òun fẹ́ rà á, wọn ò fún un. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé e pa mọ́ káàkiri, òní inú àpótí, ọ̀la ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, kí olè má baà gbé e.

Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni mo ti rí i nígbà tí mo ń gbálẹ̀. Omi òjò ti gun ògiri, etí pósítà náà ti ń bu. Kí la máa ń ṣe síwèé tó bá ṣe iyebíye? Ṣebí lámínéètì ni! Sàtífíkéètì mi, ìwé ọjọ́ìbí àwọn ọmọ, inú ọ̀rá ni gbogbo wọn wà. Bí Bàbá ṣe lọ kírun Jímọ̀, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù lámínéètì kan ní Igbó Ẹfọ̀n, mo fẹ́ kí inú wọn dùn. Háà! Ẹ̀rọ gbóná, ìwé ti gbó. Ó há sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí oníṣọ́ọ̀bù máa fi fà á jáde, ó ti ya, ó ti ká jọ mọ́ inú ọ̀rá. Orúkọ Bàbá ò ṣeé kà mọ́.

Mo ní lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni n óò sọ. Ẹnu mi ò gbà á. Lánàá, Bàbá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá Dàmọ́lá, jọ̀ọ́, má sọ fọ́kọ ẹ o. Mi ò rántí ibi tí mo gbé pósítà yẹn sí. Ó dà bíi pé orí mi ò pé mọ́."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá wọn lóhùn: "Ẹ fara balẹ̀ wá a, Bàbá, ẹ máa rí i." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀! Irú ìkà wo nìyẹn?

Láàárọ̀ yìí, wọn ò lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo béèrè ìdí. Wọ́n ní, "Ta ló mọ̀ bóyá n ò ní rántí ọ̀nà ilé?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ iyọ̀ jù mí lọ, ọ̀rọ̀ wo ni mo máa kọ́kọ́ sọ? Ẹ bá mi wá a kíákíá, nítorí bàbá tí orí wọn pé ti ń gbà pé àwọn ti ń ṣarán.