Ẹ̀gẹ́ Tó Kọ̀ Tí Kò Rọ̀

Lásìkò tí owó epo gbòde, mo ra dúrọ́ọ̀mù àlòkù kan nítorí pé ó ń dán, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sì ń pọn omi mímu sí i láìbéèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi rẹ̀ ni mo mu jáde lọ́jọ́ tí mo jókòó sẹ́yìn ìyá kan àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń ti Ìgàndò lọ sí Ìkòtún.

"Màmá, ẹ̀gẹ́ tí mo rẹ fún fùfú ti lò tó ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣì le. Kò kan, kò rùn."

"Inú kí lo rẹ ẹ́ sí, ìyàwó?"

"Dúrọ́ọ̀mù kẹ́míkà tí mo rà ní Ṣáṣá. Mo kúkú fọ̀ ọ́ dáadáa."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí tọ́ itọ́ ẹnu mi wò, bí ẹni pé oró máa ń kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.

"Ṣé o bu omi kíkan ti tẹ́lẹ̀ sí i?"

"Mo bù ú, mà."

"Ohun ẹlẹ́mìí kan tí ojú ò rí ń bẹ nínú omi yẹn. Òun ló ń mú ẹ̀gẹ́ rọ̀, tó ń jẹ́ kí oró rẹ̀ jáde. Kẹ́míkà ti pa á sínú dúrọ́ọ̀mù rẹ nìyẹn. Lọ gbẹ́ ilẹ̀, kí o bo ẹ̀gẹ́ náà mọ́lẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀gẹ́ oko wa ló wà níbẹ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ n kó o fún ewúrẹ́, jàre."

"Ewúrẹ́ tí a ń sìn de ìkómọ ọmọ tó wà nínú rẹ yìí, àbí òmíràn?"